Mo Ṣi Ìwé Àyẹ̀wò Àbúrò Mi Kà

Ọdún 31 gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe àwọn ọmọ tí n kò lè ka iye wọn mọ́. Àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe ti ọmọ iléèwé kankan. Tèmi ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí àbúrò mi obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ ló fún mi láyè kí n kọ ọ́, ó kàn ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ òun ni. Oríkì rẹ̀ ni n ó máa pè é, Àbẹ̀kẹ́, nítorí àwọn Àbẹ̀kẹ́ tó wà ní Ìbàdàn pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi wá a rí.

Ańkárá ni ó ń tà ní Gbági. Ní ọdún 2009, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ara rẹ̀ kò yá títí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì bá HIV níbẹ̀, kòkòrò tí àwọn kan ń pè ní apa-sójà-ara. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi sunkún. Ní ọjọ́ kẹrin ó dìde, ó wẹ̀, ó lọ gba oògùn, nítorí pé láti ọdún 2006 ni ìjọba ti sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́ ní àwọn ọ̀sibítù rẹ̀. Inú agolo Milo ni ó ń tọ́jú rẹ̀ sí kí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà má baà rí i. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ń lọ sí ọjà, ó sì rán ọmọ méjèèjì dé iléèwé gíga. Èmi àti ìyàwó mi nìkan ni ó sọ fún.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017 ó mú ìwé kan bọ̀ láti ọ̀sibítù. Ìwé mẹ́fà ni Àbẹ̀kẹ́ kà, bí ìwé bá sì ti le díẹ̀, èmi ni ó máa ń gbé e wá bá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wo eléyìí. Nọ́ọ̀sì ní ó dára, àmọ́ èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, wọn ò ráyè ṣàlàyé."

Mo gbé awò ojú mi, mo kà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé wọ́n wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì rí i. Mo tún un kà. Mo fò sókè, mo pe ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, gbogbo wa ń jó. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó ti tán lára rẹ. Ọdún 8 ni o ti ń gbé oògùn yìí mì. Ẹni tí ibà bá ti fi sílẹ̀, ṣé ó tún ń lo oògùn ibà?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé kò yẹ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè?"

Mo ní, "Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ tí kò sí nínú ìwé yìí?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà! Bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn lóru, oorun a dá lójú mi.

Ó dá oògùn dúró. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara rẹ̀ le koko ju tèmi lọ, mo sì ń fi ọgbọ́n mi yangàn nínú ọkàn mi. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ọdún, ó ti ń wúkọ́, aṣọ ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé ìdì aṣọ tí ó máa ń gbé pẹ̀lú ọwọ́ kan tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018 a gbé e dé ọ̀sibítù. Ikọ́ fée ni. Sójà ara rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó lé ní 500 nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré kan, kò pé 100 mọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ṣí fáìlì, ó ní, "Mà, ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró?"

Àbẹ̀kẹ́ kọjú sí ògiri. Ó ní, "Èmi fúnra mi ni."

Fúláàsì ẹ̀kọ ni mo gbé dání níbi tí mo dúró sí. Mo gbìyànjú láti dákẹ́, n kò lè dákẹ́. Mo ní, "Èmi ni, mà. Èmi ni mo ka ìwé náà fún un."

Nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Iṣẹ́ wo ni ẹ̀ ń ṣe, sà?"

"Tíṣà ni mí."

"Ó dáa. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ni, a ó kọ́ yín lónìí."

Kò bú mi. Ìbá sàn kí ó bú mi. Ó ní, "Sà, bí ọlọ́pàá bá rin Gbági já ní agogo 2 òru, tí kò pàdé ẹnì kankan, ṣé ó lè lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ọlọ́jà ní Ìbàdàn? Àwọn tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ wa ń kà. Àwọn tó ti wọlé, tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, tí wọ́n sùn, ẹ̀rọ náà kò rí wọn." Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà, mo ń bi dókítà, mo ń bi àwọn ọmọ tí mo kọ́ tí wọ́n ti di onímọ̀ ìṣègùn, títí ó fi yé mi. Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀ bí ó ṣe yé mi.

Gbogbo wa ni a ní sójà nínú ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń bá àrùn jà. Kòkòrò ibà àti ti ikọ́, wọ́n mọ̀ pé ọ̀tá ni sójà jẹ́ fún wọn. HIV ní tirẹ̀, ilé sójà gan-an ni ó ń wọ̀, pàápàá ti àwọn ọ̀gá tí ń pàṣẹ fún ìyókù. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ìwé ìran wa wà, èyí tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tí ó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò ṣe. HIV a mú ìwé kékeré tirẹ̀ wọlé ní ọwọ́ ìkọ̀wé àjèjì, a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ìwé wa, a wá gé ìwé wa láàárín, a sì lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tíṣà yóò mọ ohun tí mo ń wí: ó dàbí ẹni tí ó yọ́ kọ orúkọ èké sínú rẹ́jísítà iléèwé pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀gá àgbà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń pe orúkọ yóò pè é mọ́ ti àwọn ọmọ tòótọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn sójà tí ó bá kó sí lọ́wọ́ ni ó ń sọ di ilé iṣẹ́ tí ń pèsè kòkòrò. Wọn kì í pẹ́ kú, ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Ìbá jẹ́ pé irú àwọn wọ̀nyí nìkan ló wà, oògùn ì bá ti ṣẹ́gun tipẹ́. Kódà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 1997 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti fi ìṣirò sọ pé bí ènìyàn bá lo oògùn dáadáa fún nǹkan bí ọdún 2 sí 3, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà tán. Èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó yára jó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé ọmọ tí èéyí bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ṣe é mọ́. Kí ló fà á? Àwọn kan nínú sójà tó ja ogun èéyí kì í kú lẹ́yìn ogun. Wọ́n a padà sílé, wọ́n a gbé ìbọn kọ́ àjà, wọ́n a sùn. Wọ́n lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ojú ọ̀tá. Bí èéyí bá tún kan ilẹ̀kùn, wọ́n a jí. Àwọn ni ìrántí ara wa. Ìgbà tí irú sójà bẹ́ẹ̀ ń ti ogun bọ̀, tí ó ń múra àtisùn, ni HIV máa ń kó wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tán, sójà sùn, ìwé padé, orúkọ náà sì sùn síbẹ̀. Kò pèsè ohunkóhun. Kò sí àmì lára ilé náà tí sójà mìíràn lè fi mọ̀ pé ọ̀tá wà nínú rẹ̀.

Oògùn wá ńkọ́? Hóró kan ṣoṣo tí Àbẹ̀kẹ́ ń lò lójúmọ́ nísinsìnyí, oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Méjì ń dí kòkòrò lọ́wọ́ kí ó má lè túmọ̀ ìwé rẹ̀, ẹ̀kẹta ń dí i lọ́wọ́ kí ó má lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwa. Ilé tí ọ̀tá kò tíì wọ̀ ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè pa orúkọ tí a ti kọ sílẹ̀ rẹ́. Bí sójà tó ń sùn bá wá jí lọ́jọ́ kan, tí ó ṣí ìwé, tí ó kà á, kòkòrò tuntun a jáde. Bí oògùn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn tí ó bá kàn ni yóò bá ní títì, yóò sì ṣègbé. Bí oògùn kò bá sí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ̀jẹ̀ a tún kún fún un. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo fi ń yangàn yẹn, kòkòrò ti gba ẹ̀jẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ padà. Ara rẹ̀ ni kò tíì sọ fún un.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1997 kan náà ni ọ̀wọ́ àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti bá kòkòrò náà nínú sójà tó ń sùn, lára àwọn ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ lójú àyẹ̀wò. Robert Siliciano ti Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ni ó darí ọ̀kan nínú wọn. Ọdún 1997! Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Fẹlá kú. Ọlíkóyè Ransome-Kútì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, bọ́ síta láìtijú, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé éèdì ló pa á. Mo rántí iyàn tí a jà nínú yàrá àwọn tíṣà lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní irọ́ ni, àrùn bẹ́ẹ̀ kò sí. A ń jiyàn pé kò sí, nígbà tí àwọn kan níbòmíràn ti ń wo ihò tí ó ń sùn sí. Oògùn alápapọ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 1996. Tiwa pẹ́ kí ó tó dé.

Ní ọdún 2003 Siliciano àti ìyàwó rẹ̀ Janet, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ka bí àwọn tó ń sùn náà ṣe ń dín kù. Oṣù 44 ni ó gbà kí wọ́n tó dín kù sí ìdajì. Kí gbogbo wọn tó tán, oògùn lílo láìdánu dúró yóò lé ní ọdún 73. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́, ó ka ìka rẹ̀ títí, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá mi, n ó ti lé ní ẹni 110 ọdún. Ta ni yóò tún máa ra ańkárá lọ́wọ́ mi?" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí a ti gbé e dé ọ̀sibítù.

Kì í tilẹ̀ ṣe pé wọ́n pọ̀. Nínú sójà 1,000,000 tó ń sùn, ó lè má ju ẹyọ kan lọ tí ó ní kòkòrò tó ṣì lè jí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ẹyọ kan náà yàtọ̀? Bí a bá ní kí a pa gbogbo wọn, a ó pa ìrántí ara mọ́ wọn. Èyí tí ó wá burú jù lójú mi ni pé sójà wọ̀nyí máa ń pín sí méjì nígbà mìíràn, kí iye wọn má baà tán. Bí ó bá sì ti pín, a ṣe àdàkọ ìwé rẹ̀, orúkọ èké náà a sì wà nínú ìwé kejì. Oògùn kò lè dá ìyẹn dúró, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún. Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi oògùn jí àwọn tó ń sùn náà kí wọ́n lè rí wọn pa. Àwọn kan jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye wọn kò tíì dín kù tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè yọ̀ sí.

Ìtàn kan wà tí n kì í lè kà láì rántí ara mi. Wọ́n bí ọmọ kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, ìyá rẹ̀ ní HIV. Kí ọmọ náà tó pé ọjọ́ 2 láyé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un. Nígbà tí ó pé nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, wọn kò gbé e wá gba oògùn mọ́. Ìgbà tí àwọn dókítà fi tún rí i, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí kòkòrò. Ní 2013 gbogbo ayé ń jó, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe jó ní pálọ̀ mi. Oṣù 27 ni ọmọ náà fi wà láìlo oògùn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2014 wọ́n kéde pé kòkòrò náà ti padà. Ọmọ tí wọ́n ti ń fún lóògùn kí ó tó lo ọjọ́ méjì láyé! Tí àwọn ọ̀gá onímọ̀ fi ojú ara wọn ṣọ́! Mo sunkún nígbà tí mo kà á, n kò sì lè sọ bóyá ọmọ náà ni mo sunkún fún tàbí ara mi.

Ẹ ó ní, ṣé kò sí ẹni tí ó lọ lára rẹ̀ rí ni? Ó wà. Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà tí ó ń gbé ní Berlin ní Jámánì, ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́ HIV. Ní 2007 àti 2008 wọ́n fi oògùn run ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn egungun, wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí láìní ilẹ̀kùn kan tí HIV máa ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. HIV kò padà sí ara rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 2020, jẹjẹrẹ náà ló padà wá pa á. Àwọn díẹ̀ mìíràn ti gba ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yẹn fúnra rẹ̀ lè pa ènìyàn, a kì í sì ṣe é fún ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ. Àwọn òyìnbó ni a sábà ń bí láìní ilẹ̀kùn yẹn. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ọ̀nà kan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ọlọ́jà Gbági.

Mo fẹ́ yà bá àwọn kan sọ̀rọ̀ níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbo nínú ọkọ̀ èrò, tí ẹ ń fi irú ìwé tí mo ṣì kà yẹn han àwọn ènìyàn pé ẹ ti wo HIV sàn. Mo ti rí ìwé yín. Ó lè jẹ́ òtítọ́ pé wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún èrò inú ọkọ̀ pé ẹni tí ó ni ìwé náà ń gba oògùn ọ̀sibítù lábẹ́lẹ̀. N kò bú yín ju bí mo ṣe bú ara mi lọ. Èmi kò gba owó ni.

Ohun tí ó tún dùn mí ni pé wọ́n ti dán ohun tí mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ wò kí n tó sọ ọ́. Ènìyàn tó lé ní 5,000, ní orílẹ̀-èdè 33, ni wọ́n pín sí méjì; apá kan ń lo oògùn lójoojúmọ́, apá kejì ń sinmi nígbà tí sójà ara wọn bá pọ̀ tó. Ní 2006 wọ́n ní láti dá a dúró, nítorí pé àwọn tó ń sinmi ni àìsàn àti ikú ń kó jù. Ọdún 11 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà ní kíkọ sílẹ̀ kí n tó ṣe ọ̀gbẹ́ni amòye.

Àbẹ̀kẹ́ lo oògùn ikọ́ fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n dá a padà sórí oògùn HIV láàárín rẹ̀, ara rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ń bì, lẹ́yìn náà ó gbà á. Kò fi ẹnu kan mí rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tí mo ń tọrọ àforíjì fún ìgbà tí n kò mọ iye, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní a, b, d." Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tí ó yá, bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí òun náà ń ta aṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́ láìra nǹkan. Àbẹ̀kẹ́ sọ òtítọ́ fún un. Wọ́n jọ lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà wa. Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé ìwádìí ńlá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 àti 2019 ti tẹ̀ lé àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan ní HIV tí èkejì kò ní. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ní in ń lo oògùn tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ó kó o ran ẹni kejì rẹ̀ lórí ibùsùn. Ìwé tí mo ṣì kà yẹn ní iyì tirẹ̀ o! Ibi tí iyì náà wà ni n kò mọ̀. Bàbá náà ti di àna mi báyìí, agogo 9 alẹ́ bá sì ti lù, òun ni ó ń gbé omi bá ìyàwó rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá Àbẹ̀kẹ́ tún mú ìwé àyẹ̀wò wá. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó dúró, kò jókòó. Mo gbé awò ojú mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á ní ọdún 2017. Mo ní, "Wọn kò rí i."

Ó ní, "Ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá mi?"

Mo ní, "Ó ń sùn."

Ó mi orí, ó ká ìwé náà, ó fi sínú báàgì, ó ní òun ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà láti Ìlọrin ń bọ̀ wá gbé aṣọ ẹbí.